Ẹ̀rọ rìsíìtì 58mm àti 80mm: èwo ló yẹ ṣọ́ọ̀bù yín ní Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ?

Bí “Ìjẹ̀bú” tàbí “Ṣágámù” bá wà nínú orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ ní kí ẹni tó ń ta ẹ̀rọ náà tẹ̀ ẹ́ jáde lójú yín kí ẹ tó sanwó. Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí kò ní ẹ, ọ àti ṣ láàárín lẹ́tà tiwọn, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í sábà ní ₦. Báìtì (ẹyọ kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń ka dátà) 5 ni ẹ̀ inú “Ìjẹ̀bú” gbà ní UTF-8, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú lẹ́tà. Ẹ̀rọ tó ka báìtì kan sí lẹ́tà kan á tẹ kántankàntan márùn-ún dípò rẹ̀. Ohun tó dára jù ni kí orúkọ lọ bí àwòrán, kí ọjà àti iye owó lọ bí ọ̀rọ̀ lásán, kí ẹ sì fi N rọ́pò ₦.

58mm, ìyẹn èyí tí bébà rẹ̀ fẹ̀ ní 58mm, ń tẹ dọ́ọ̀tì 384 lórí ìlà kan, báìtì 48 nìyẹn, torí dọ́ọ̀tì 8 ló wà nínú báìtì kan. Lẹ́tà 32 ló ń gbà. Ti 80mm jẹ́ dọ́ọ̀tì 576, báìtì 72, lẹ́tà 48. Àwòrán tó ga ní dọ́ọ̀tì 100 á wá jẹ́ báìtì 4,800 lórí ti àkọ́kọ́, 7,200 lórí ìkejì.

58mm oní-Bluetooth tó ń lo bátìrì ló yẹ ẹni tó ń pàtẹ kiri ọjà. Àléébù rẹ̀ rèé: bí ètò kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tó ń darí rẹ̀ bá yára da àwòrán lé e lórí, báìtì lè já bọ́. Àṣẹ àwòrán, 1D 76 30 (báìtì mẹ́ta tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé àwòrán ń bọ̀), ti sọ iye báìtì tó ń bọ̀ ṣáájú. Bí wọn kò bá pé, ẹ̀rọ á gba ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e kún un, iye owó á sì di dọ́ọ̀tì dúdú wẹ́wẹ́. Ẹ ní kí ẹni tó kọ ètò náà gé àwòrán sí ìlà 24-24, kí ìkọ̀ọ̀kan ní àṣẹ tirẹ̀.

80mm sábà máa ń nílò iná, àmọ́ èyí tó ní USB tàbí wáyà nẹ́tíwọọ̀kì, tó sì ń gé bébà fúnra rẹ̀, la fara mọ́ fún ṣọ́ọ̀bù aláṣọ n'Ìjẹ̀bú-Òde, pàápàá bí Ojúde Ọba bá ti ń sún mọ́lé.

Èyí tó wù kí ẹ rà, ẹ yẹ ètò yín wò. Nínú Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò, TextIOWrapper tó wà lókè (apá tó ń gba ọ̀rọ̀) máa ń dá ọ̀rọ̀ dúró díẹ̀. Bí wọ́n bá kọ àwòrán tààrà sínú buffer tó wà nísàlẹ̀ (apá tó ń gba báìtì) láìṣe flush(), àṣẹ tó ń ti ọ̀rọ̀ tó dúró jáde, kọ́kọ́, àwòrán á ṣáájú ọ̀rọ̀ tó yẹ kó tẹ̀ lé. write_through=True, tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dúró lókè, náà ń wò ó sàn. Bí àwòrán bá sì ń yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ lórí Windows nìkan, ẹ má tíì dá ẹ̀rọ padà: ó ṣeé ṣe kí ẹni tó fi èdè C kọ ètò náà ti lo “w” (fún ọ̀rọ̀) dípò “wb” (fún báìtì láìyí i padà). Báìtì 0D (padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà) á máa wọlé ṣáájú gbogbo 0A (ìlà tuntun), ìkọ̀ọ̀kan á sì sún ìyókù àwòrán ní dọ́ọ̀tì 8.