Ìfiwéra Àwọn Ìtàn Àràmàǹdà Ìwòyí: Èyí tí Ó Yẹ Kí Ará Èkó Kọ́kọ́ Náwó Lé

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ìwé ìtàn àràmàǹdà, èyí tí òyìnbó ń pè ní fantasy, ní Èkó lónìí, tàbí tí ó fẹ́ san owó oṣooṣù nítorí fíìmù àti eré alápá púpọ̀, kò ṣàìrí ohun tí yóò yàn. Ìṣòro rẹ̀ ni pé owó kò tó láti fi ra gbogbo wọn, ohun tí wọ́n sì kọ sí ẹ̀yìn ìwé kì í ju ìyìn lọ. Láti ọdún 2018 wá, àwọn òǹkọ̀wé tí ó tan mọ́ ilẹ̀ wa ti kó òrìṣà, oògùn àti ọfọ̀ wọ inú ìwé tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá òkè òkun ń tẹ̀, àwọn òṣèré wa náà sì ti gbé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ dé orí Netflix. Mo fẹ́ gbé díẹ̀ nínú wọn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí n sì sọ èyí tí mo rò pé ó tó owó rẹ̀, láìfi bò. Ohun kan ṣoṣo ni mo fi ń wọ̀n wọ́n: ṣé agbára tí ó wà nínú ìtàn náà ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí ó ń lò ó? Ìtàn àwọn baba wa kò mọ oògùn tí kò ní èèwọ̀. Níbi tí alágbára bá ti lè ṣe ohun tí ó wù ú láìsan nǹkan kan, ẹ̀rù kì í bà mí fún ẹnikẹ́ni nínú ìtàn náà mọ́, èmi a sì pa ìwé náà dé.

Ìwé méjì tí mo máa ń gbọ́ orúkọ wọn jù ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni Children of Blood and Bone, èyí tí Tomi Adeyemi, tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, tí àwọn òbí rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, gbé jáde ní 2018. Èkejì ni Shigidi and the Brass Head of Obalufon, tí Wole Talabi gbé jáde ní 2023. Òrìṣà wà nínú méjèèjì, orúkọ Èkó wà nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn jìn sí ara wọn gan-an.

Nínú ìwé Adeyemi, ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Zélie ń gbé ní ìjọba kan tí à ń pè ní Orïsha, níbi tí ọba Saran ti pa àwọn tí ó ní agbára òrìṣà, tí ìyá Zélie fúnra rẹ̀ sì wà lára wọn. Nígbà tí Amari, ọmọ ọba náà, jí awọ ìkọ̀wé kan tí ó lè dá agbára náà padà, tí ó sì sá kúrò láàfin, ni ìrìn-àjò wọn bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni bí ìtàn náà ṣe ń yára: orí kọ̀ọ̀kan kúrú, ẹnu ènìyàn mẹ́ta ni a sì ti ń gbọ́ ọ. Òǹkọ̀wé náà sọ lẹ́yìn ìtàn rẹ̀ pé ìbànújẹ́ àti ìbẹ̀rù lórí àwọn aláwọ̀ dúdú tí àwọn ọlọ́pàá ń yìnbọn pa ní Amẹ́ríkà ni ó mú òun kọ ọ́, ẹni tí ó bá sì mọ èyí yóò mọ ìdí tí ẹkún inú rẹ̀ fi dé ọkàn. Zélie tún máa ń sanwó fún agbára rẹ̀ lóòótọ́, nítorí pé bí ó bá fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ṣe é, ẹ̀mí rẹ̀ ni ó ń ná.

Ṣùgbọ́n kí ẹni tí yóò rà á mọ̀ pé orúkọ ìlú wa ni òǹkọ̀wé náà yá, kò yá ilẹ̀ wa. Ìlọrin inú ìwé náà jẹ́ abúlé apẹja tí ó léfòó lórí omi òkun, Lagos rẹ̀ sì ni olú-ìlú tí ààfin ọba wà. Ayé àròsọ ni, mi ò sì kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn, àmọ́ ẹni tí ó bá ń retí láti pàdé Èkó tí ó mọ̀ kò ní bá a níbẹ̀. Ìfẹ́ tí ó bẹ́ sílẹ̀ láàárín Zélie àti Inan, ọmọ ọba tí ó ń lépa ẹ̀mí rẹ̀, kò wọ̀ mí létí. Ó ti yá jù. Ìwé méjì ni ó tẹ̀lé e, ọ̀kan ní 2019, èkejì ní 2024. Nínú èyí tó jáde ní 2019, àwọn ènìyàn kan náà ń bá ara wọn jà lórí ọ̀rọ̀ kan náà títí tí ó fi sú mi. Nítorí náà, ẹ má ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tí ń tà á bá tilẹ̀ fún yín ní ẹ̀dínwó. Ẹ ra ìwé kìíní, ẹ kà á tán, kí ẹ tó dáhùn fún ìyókù. Wọ́n ti kéde fíìmù rẹ̀ fún oṣù Kìíní ọdún 2027, Gina Prince-Bythewood ni olùdarí rẹ̀, Thuso Mbedu ti Gúúsù Áfíríkà ni ó sì ṣe Zélie, ìdí kan sì nìyẹn láti ka ìwé kìíní.

Ìwé Talabi jẹ́ ti àgbàlagbà pátápátá. Shigidi jẹ́ òrìṣà kékeré tí ó ń gun ènìyàn lójú oorun, tí ó ń fi àlá burúkú pa wọ́n. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tí àwọn òrìṣà ń darí, níbi tí ó jẹ́ pé àdúrà àti ìgbàgbọ́ àwọn olùsìn ni owó tí ń wọlé, tí owó náà sì ń dínkù lójoojúmọ́ nítorí pé olùsìn ti wọ́n. Ó pàdé Nneoma, ẹ̀mí obìnrin tí ó ń gba ẹ̀mí àwọn ọkùnrin níbi tí wọ́n bá ti bá a sùn, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn méjèèjì sì gba iṣẹ́ láti lọ jí orí idẹ Ọbalùfọ̀n gbé kúrò ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1938 ni wọ́n hú àwọn orí idẹ jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì wà ní British Museum yẹn títí di òní. Nígbà tí mo rántí èyí, ìrìn olè tí àwọn méjèèjì ń rìn kò jọ ìwà ọ̀daràn lójú mi mọ́, ó jọ iṣẹ́ tí ó ti pẹ́ tí ó yẹ kí ẹnìkan ti lọ jẹ́.

Nínú ìwé yìí ni ìwọ̀n tí mo mẹ́nu kàn ti dọ́gba jù lọ. Gbogbo agbára ibẹ̀ ni ó ní àdéhùn, gbogbo àdéhùn ni ó sì ní gbèsè, àwọn òrìṣà ńlá pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé ìtàn náà ń fò láti ìgbà kan sí òmíràn àti láti ìlú kan sí òmíràn, ẹni tí ó ń ka ìwé nínú bọ́ọ̀sì láti Ìkòròdú lọ sí CMS yóò ní láti máa ṣí i padà sẹ́yìn kí ó lè rántí ibi tí ó dé. Ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ inú rẹ̀ kò fara sin rárá, nítorí náà kì í ṣe ìwé tí à ń rà fún ọmọ ilé-ìwé. Síbẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé ìwé kan ṣoṣo ni owó àgbàlagbà tó, èyí ni kí ó rà.

Fún ọ̀dọ́ tí ó ti tó ọdún mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá, Raybearer ti Jordan Ifueko, tí ó jáde ní 2020, ni mo yàn ṣáájú ìwé Adeyemi. Ìyá Tarisai, ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé, fi èèdì dè é pé yóò pa ọmọ ọba tí ó bá fẹ́ràn, lẹ́yìn náà ni ó rán an lọ sí ìlú ọba láti lọ wá ipò nínú ìgbìmọ̀ àwọn tí ọkàn wọn so pọ̀ mọ́ ti ọmọ ọba náà. Mi ò tíì rí ìwé ọ̀dọ́ mìíràn láìpẹ́ yìí tí ó fi ìfẹ́ ìyá àti ìkà ìyá sínú àpò kan náà bí èyí. Ìwé méjì péré ni ìtàn náà, ó sì parí sínú Redemptor ní 2021, èyí tí í ṣe àǹfààní ńlá fún òbí tí kò fẹ́ kí wọ́n máa béèrè owó ìwé lọ́wọ́ òun lọ́dọọdún.

Ẹni tí ó ń wá Èkó gan-an, tí ó fẹ́ kí òrìṣà já bọ́ sí àárín àwọn ilé tí ó mọ̀, kí ó wá David Mogo, Godhunter ti Suyi Davies Okungbowa, tí ó jáde ní 2019. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òrìṣà ni ó já láti ọ̀run sí ìlú Èkó nínú rẹ̀, David tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ààbọ̀ òrìṣà sì ń fi mímú wọn jẹun. Inú mi dùn sí bí Ìsàlẹ̀ Èkó ṣe wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rù tirẹ̀, tí àwọn ènìyàn inú ìwé náà sì ń sọ Pidgin bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lóòótọ́. Ìdá kìíní dára ju ìyókù lọ. Bí ogun ṣe ń pọ̀ sí i ni mo ń fẹ́ kí a padà sí àwọn iṣẹ́ kéékèèké tí David ń ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní ti Black Leopard, Red Wolf ti Marlon James, ọmọ Jamaica tí ó gba ẹ̀bùn ìwé tí à ń pè ní Booker ní 2015, iṣẹ́ ọwọ́ àgbà ni, ṣùgbọ́n ó gùn, ó le, ìwà ipá inú rẹ̀ sì pọ̀ débi pé mi ò lè ní kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rà á.

Ní ti fíìmù, ìjà wà láàárín Aníkúlápó ti Kunle Afolayan, tí ó jáde lórí Netflix ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, àti Jagun Jagun ti Femi Adebayo, tí ó tẹ̀lé e ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023. Èdè wa ni méjèèjì ń sọ, aṣọ àti ilé inú wọn sì fi hàn pé wọ́n náwó sí i. Jagun Jagun ni kí ẹ wò bí ẹ bá fẹ́ ìjà. Gbotija, tí Lateef Adedimeji ṣe, lè bá igi sọ̀rọ̀, ó sì lọ kọ́ṣẹ́ ogun lọ́dọ̀ Ogundiji, olórí ogun kan, nítorí ikú baba rẹ̀. Ìjà inú rẹ̀ kún ojú, orin àti ọfọ̀ rẹ̀ ń dún létí ẹni lẹ́yìn tí a bá wò ó tán, ṣùgbọ́n agbára inú rẹ̀ ń yọ jáde nígbà tí ìtàn bá nílò rẹ̀, a kì í sì í mọ ohun tí ó gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó lò ó.

Aníkúlápó kò ṣe bẹ́ẹ̀. Saro, ahunṣọ tí ó wá ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́, ṣubú sínú ìfẹ́ pẹ̀lú Arolake, olorì ọba, wọ́n sì lù ú pa. Ẹyẹ àkàlà ni ó jí i dìde, ohun tí ẹyẹ náà fi jí i sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Láti ibẹ̀ ni Saro ti ń jí òkú, tí iyì rẹ̀ ń gòkè, tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú sí obìnrin tí ó dúró tì í nígbà tí kò ní nǹkan kan. Agbára tí kò tọ́ sí i gba ìwà rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ó tó gba ẹ̀mí rẹ̀, Bimbo Ademoye tí ó ṣe Arolake sì fi ojú nìkan sọ ohun tí òǹkọ̀wé mìíràn ì bá fi ojú ewé mẹ́wàá sọ. Ó gùn ju wákàtí méjì lọ, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì ń fà díẹ̀, àmọ́ ó sàn ju èkejì lọ lójú mi, ó sì sàn ju eré alápá púpọ̀ tí wọ́n fi tẹ̀ síwájú ní oṣù Kẹta ọdún 2024 lọ. Eré yẹn pe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn tuntun wọlé títí tí ọ̀rọ̀ Saro fúnra rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ti àjèjì.

Nínú àwọn eré òkè òkun, House of the Dragon ti HBO àti The Rings of Power ti Amazon, tí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ní 2022, ni mo fi wé ara wọn. Èkejì lẹ́wà lójú, kò sì ní ìtìjú bí gbogbo ilé bá jọ ń wò ó, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ ń rìn bí ẹni tí kò mọ ilé tí ó ń lọ. Ti HBO ni ó mọ ohun tí ìjà oyè ń ṣe nínú ẹbí kan, ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rí ìdílé tí ó fọ́ nítorí oyè yóò dá a mọ̀. Ẹ kàn má jẹ́ kí àwọn ọmọdé wà nítòsí. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ sanwó nítorí The Wheel of Time sì mọ̀ pé Amazon dá a dúró ní 2025 lẹ́yìn ìpele mẹ́ta, ìtàn náà kò sì tíì parí.

Ó ku bí a ṣe ń rà á. Bí ó bá jẹ́ pé fíìmù wa méjì yìí nìkan ni ẹ fẹ́ wò, owó oṣù kan ti tó. Netflix ní ètò ti fóònù nìkan tí owó rẹ̀ kéré jù, ó sì gbà kí a gbé fíìmù sórí fóònù níbi tí Wi-Fi bá wà, kí a wò ó nílé láìná dátà, yálà iná wà ní Ṣómólú tàbí kò sí. Ẹ wò wọ́n tán, ẹ dá owó oṣù tó ń bọ̀ dúró, kí ẹ fi ra ìwé. Ìwé tuntun wà ní àwọn ilé ìtàwé Ìkòyí, Victoria Island àti Ìkẹjà, ẹlẹ́yìn rírọ̀ sì ni kí ẹ béèrè, nítorí pé ẹlẹ́yìn líle wọ́n, kò sì fi ọ̀rọ̀ kankan kún ìtàn. Ní abẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gba àti ní Yábà, àlòkù àwọn ìwé àràmàǹdà ilẹ̀ òyìnbó ni mo sábà máa ń rí ju ti àwọn òǹkọ̀wé wa lọ, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ yà síbẹ̀ kí ẹ tó lọ sí Erékùṣù. Ayédèrú tí wọ́n ń gbé kiri nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ẹ ṣí i ní àárín àti ní ìparí kí ẹ tó sanwó, ẹ wò bóyá nọ́ńbà ojú ewé tò tẹ̀lé ara wọn, bóyá tàdáwà inú rẹ̀ dúdú dọ́gba, àti bóyá orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó tẹ̀ ẹ́ wà ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tí ń tà á, nítorí pé kò sí kọ́bọ̀ kan níbẹ̀ tí yóò dé ọwọ́ òǹkọ̀wé.