Mo sanwó kí wọ́n ka bakitéríà tó wà nídìí implant mi

Ó ti di ọdún kẹrin báyìí tí wọ́n ti ri irin titáníọ̀mù tí wọ́n ń pè ní implant mọ́ egungun àgbọ̀n mi, níbi tí eyín ìjẹun kan ti ká, tí wọ́n sì gbé eyín àtọwọ́dá lé e lórí. Eyín náà fúnra rẹ̀, n kò lẹ́jọ́ bá a rò. Mo ń fi fọ́ egungun bí mo ṣe ń fi ìyókù fọ́ ọ. Àyẹ̀wò bakitéríà tí mo ṣe nídìí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí àwọn èèyàn ń bi mí bóyá kí àwọn náà lọ ṣe é.

Ẹni tó bá mi gbé eyín náà sí i sọ fún mi pé kò lè jẹrà láé. Òótọ́ ni o, kòkòrò kì í jẹ titáníọ̀mù. Ohun tí kò sọ ni pé ẹran àti egungun tó dì í mú lè bàjẹ́. Kò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fọ abẹ́ rẹ̀. Mo ń fọ iwájú, mo ń fọ ẹ̀yìn, ó parí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún kẹta, mo tu omi ẹnu dà nù, ẹ̀jẹ̀ bá a jáde. Kò sì dùn mí rárá, ibi tó ti tàn mí jẹ gan-an nìyẹn.

Dókítà eyín mìíràn ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wọn jíjìn bọ ìdí rẹ̀ jẹ́jẹ́: mìlímítà 5, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Ó ya X-ray, egungun ò tíì lọ. Ó ní ẹran nìkan ló wú, pé ìyẹn ṣì ṣeé wò sàn. Tó bá ti mú egungun ni wọ́n ń pè é ní peri-implantitis, ọ̀rọ̀ á sì ti kúrò ní kékeré.

Lẹ́yìn náà ló yọ máíkírósíkóòpù sí mi. Ó kọ́kọ́ ha díẹ̀ nídìí eyín mi kan tó lera, ó gbé e sí i, mo ń wò ó lójú tẹlifíṣọ̀n. Ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Àwọn róbótó-róbótó kan wà níbẹ̀ bí ẹyin ìgbín, òmíràn tò tẹ̀ léra bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín. Ó wá gbé ti implant sí i. Háà! Gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n ń rìn. Àwọn kan lọ́ bí okùn, wọ́n ń yí bí ìkòtó, wọ́n ń gba àárín ara wọn kọjá. Orí mi wú. Mo pa ẹnu mi dé, bí ẹni pé ìyẹn máa ràn mí lọ́wọ́.

Ó ti bébà tín-ín-rín kan bọ ìdí implant, ó fi fa omi ibẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí láàbù. Èsì dé pẹ̀lú orúkọ tó gùn bí oríkì: Porphyromonas gingivalis, Tannerella forsythia, Treponema denticola. Àwọn mẹ́ta yìí ni àwọn onímọ̀ kó sábẹ́ àwọ̀ pupa ní 1998, ìyẹn àwùjọ kòkòrò tó máa ń bá àrùn ìdí eyín rìn jù. Wọn kì í fẹ́ afẹ́fẹ́, nítorí náà bí kòtò ìdí eyín bá ṣe ń jìn ni ilé wọn ń gbòòrò sí i. Streptococcus àti Actinomyces, tí wọ́n jẹ́ ará ilé nídìí implant tó lera, kò pọ̀ nínú tèmi. Dókítà ní eyín gidi ní okùn ẹran tó so ó mọ́ egungun, ti implant kò rí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí kòkòrò fi tètè ń rọ̀nà wọlé sísàlẹ̀.

Ibi tí inú ti bí mi nìyí: èsì yẹn ò yí nǹkan kan padà. Ìfọ̀mọ́ tí wọn ì bá ṣe fún mi náà ni wọ́n ṣe. Wọ́n fún mi ní chlorhexidine, omi ìfọnu tó ń pa kòkòrò, fún ọ̀sẹ̀ méjì (ó pa eyín mi láró bíi ti ẹni tó ń jẹ obì, oúnjẹ ò sì dùn lẹ́nu mi mọ́) àti búrọ́ọ̀ṣì kékeré tí wọ́n ń tì bọ àárín eyín, èyí tí wọ́n fi rọ́bà bo wáyà rẹ̀ kó má baà ha titáníọ̀mù. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tì í bọ abẹ́ eyín náà, mo gbóòórùn ohun tó bá a jáde. Mi ò ní ṣàpèjúwe rẹ̀.

Oṣù méje lẹ́yìn náà, mìlímítà 3, kò sẹ́jẹ̀. Mo tún sanwó láàbù. Porphyromonas ṣì wà níbẹ̀! Wọ́n fi pupa kọ ọ́, mo ti fẹ́ lọ máa bẹ̀bẹ̀ fún áńtíbáyótíìkì. Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le, àwọn eyín ìtòsí àti ahọ́n sì lè máa kó wọn bá implant, pé ìgbà tí wọ́n bá pọ̀ lápọ̀jù ni ìjà dé. Kí ló dé tí láàbù ò lè kọ gbólóhùn kan yẹn sínú ìwé wọn?

Máàkì tèmi: láàbù, 2 nínú 5. Máíkírósíkóòpù, 5, torí òun ló jẹ́ kí n máa lo búrọ́ọ̀ṣì kékeré yẹn lálaalẹ́ títí di òní. Tí ìdí implant yín bá ń ṣẹ̀jẹ̀, irin ìwọ̀n àti X-ray ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Èmi ti sọ fún dókítà pé tí mo bá tún wá, kó má wulẹ̀ mú bébà yẹn jáde, kó ṣáà tan tẹlifíṣọ̀n.