Àkọsílẹ̀ ihò ilẹ̀ lórí ìkànnì British Geological Survey: ìrírí ẹni tó ń tọ ipa èédú

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìpele èédú kan (èédú tó tẹ́ sáàárín àpáta lábẹ́ ilẹ̀) tó wà níbìkan náà ló wà níbòmíràn, ìkànnì British Geological Survey, àjọ tó ń ṣèwádìí àpáta àti ilẹ̀ ní Britain, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1835, ni kó kọ́kọ́ yà sí. Àkọsílẹ̀ ihò ilẹ̀, ìyẹn ihò tí wọ́n gbẹ́ láti mọ àpáta tó wà nísàlẹ̀, tó lé ní mílíọ̀nù kan ló wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ ó wá ibi tí ẹ ń fẹ́ lórí máàpù, ẹ ó tẹ àmì ihò náà, ìwé àtijọ́ yóò sì ṣí pẹ̀lú ìnípọn àpáta kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ bàtà àti íǹṣì.

Mo lò ó láti tọ ìpele kan láti Nottinghamshire dé gúúsù Yorkshire, ní England. Orúkọ ni ìṣòro àkọ́kọ́. Top Hard ni wọ́n ń pè é ní Nottinghamshire. Ní Yorkshire, Barnsley ló ń jẹ́, bí ọmọ tí ilé bàbá ń pè ní orúkọ kan, tí ilé ìyá ń pè ní òmíràn. Orúkọ bíi Yard tàbí Main tún wà káàkiri lára àwọn ìpele tí kò bá ara wọn tan rárá.

Ìnípọn náà kò ṣeé gbára lé. Ní gúúsù Staffordshire, ìpele èédú tí wọ́n ń pè ní Thick Coal, tó nípọn tó bíi mítà 9 ní agbègbè Dudley ń pín sí ọ̀pọ̀ ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ bó ṣe ń lọ sí àríwá, nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ ń yára rì nígbà tí igbó àbàtà tó di èédú náà ṣì ń hù, tí ẹrẹ̀ àti iyanrìn sì ń wọ àárín rẹ̀.

Ohun tí mo wá gbẹ́kẹ̀ lé ni àpáta amọ̀ dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ìkarahun ẹ̀dá inú òkun, nítorí pé nígbà tí òkun ya bo àbàtà wọ̀nyẹn, gbogbo agbègbè náà ló bò. Ọ̀kan nínú irú ìpele òkun bẹ́ẹ̀, Vanderbeckei, wà nísàlẹ̀ Top Hard. Èkejì, Mansfield, wà lókè rẹ̀. Ó dùn mí pé èédú nìkan ni ọ̀pọ̀ àwọn tó gbẹ́ ihò láyé àtijọ́ ń wá: wọ́n á kọ “òkúta dúdú”, wọn kò sì ní mẹ́nu kan ìkarahun.

Síbẹ̀, mo gba akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹnjiníà níyànjú pé kí wọ́n lò ó. Ẹ tẹ àkọsílẹ̀ ihò méjì sórí pépà, ẹ gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ jẹ́ kí ìpele òkun wọn ṣe déédéé, kì í ṣe ojú ilẹ̀, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka èédú láti ibẹ̀.