Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ń ra ọ̀bẹ àpò àtijọ́: irin stainless ni wọ́n kùn dúdú tí wọ́n ń tà fún wa lórúkọ irin carbon

Ẹ̀yin ará tí a jọ ń kó ọ̀bẹ àpò àtijọ́ jọ, mo kí yín. N kò ní fa ìkíni gùn, nítorí pé ọjà tí mo fẹ́ kìlọ̀ nípa rẹ̀ ṣì wà lórí àtẹ lónìí, àwọn ènìyàn sì ń rà á. Olùtajà kan wà níbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó máa ń pàtẹ ní ọjà òpin ọ̀sẹ̀, tí ó sì tún ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó mú ọ̀bẹ tuntun tí a fi irin stainless rọ, irin tí kì í dógùn-ún, kí ó kùn ún dúdú kí ó lè jọ irin carbon, irin àtijọ́ tí ó máa ń dúdú tí ó sì máa ń dógùn-ún, kí ó lu òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ àtijọ́ sí i lára, kí ó sì tà á bí ọ̀bẹ Sheffield, ìlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òkìkí rẹ̀ kàn nídìí ọ̀bẹ, tí a rọ ní nǹkan bí 140 ọdún sẹ́yìn. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ẹjọ́ wa kò tíì parí, àti pé láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn tí mo ti ń ṣọ́ ọ, ó ti pààrọ̀ orúkọ ìsọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀nà tí ó ń gbà ṣe é ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Ọ̀bẹ tí mo rà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ olójú méjì, èèkù rẹ̀ jẹ́ ìwo àgbọ̀nrín, owó rẹ̀ sì jẹ́ £185. Òǹtẹ̀ ìràwọ̀ àti àgbélébùú Malta wà ní ìdí irin rẹ̀, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí àmì ilé iṣẹ́ ọ̀bẹ Joseph Rodgers & Sons ti ìlú Sheffield. Ó kéré tán, láti ọdún 1764 ni àmì náà ti wà nínú ìwé. Nísàlẹ̀ orúkọ náà, «SHEFFIELD» nìkan ni a kọ, kò sí «ENGLAND» níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí nǹkan yìí mọ ohun tí ìyẹn ń sọ: òfin owó ibodè tí Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1890 ni ó sọ ọ́ di dandan pé kí orúkọ orílẹ̀-èdè hàn lára ọjà tí ó bá ń wọ ilẹ̀ wọn, nítorí náà ọ̀bẹ tí kò bá ní «ENGLAND» lára sábà máa ń jẹ́ èyí tí a rọ ṣáájú ọdún 1891. Olùtajà náà mọ̀ pé a mọ èyí. Òun gan-an ni ó tọ́ka sí i fún mi nínú lẹ́tà rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ dídùn, bí ẹni tí ń kọ́ ọmọdé lẹ́kọ̀ọ́. Ó ní inú àkójọ bàbá òun tí ó di olóògbé ni ọ̀bẹ náà ti wá, àti pé irin carbon tòótọ́ ni, kí n kàn wo bí ó ti dúdú tó.

Mo wò ó, ó sì dúdú lóòótọ́. Irin carbon kì í funfun títí. Bí a bá ti ń lò ó, omi èso, òógùn ọwọ́ àti afẹ́fẹ́ yóò máa fún un ní àwọ̀ eérú tí ó ní aró díẹ̀ nínú, èyí tí èmi ń pè ní àwọ̀ ogbó, àwọn olùkójọ sì fẹ́ràn rẹ̀ ju dídán lọ nítorí pé ọjọ́ orí ni ó ń jẹ́rìí sí. Ìbàdàn ni mo dàgbà sí, mo sì rántí ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí àwọn ìyá ọlọ́sàn fi ń bó ọsàn ní Dùgbẹ̀, bí ó ṣe máa ń dúdú bíi kí wọ́n ki í bọ inú aró, tí ẹnu rẹ̀ sì máa ń mú bí abẹ. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa tí ń fi sípíríǹgì ọkọ̀ tí ó ti bàjẹ́ rọ ọ̀bẹ kò pe orúkọ carbon rí, ṣùgbọ́n irin yẹn náà ni.

Ọsàn náà ni ó sì tú àṣírí. Mo fi ọ̀bẹ £185 yìí bó ọsàn kan fún ọmọ mi (ìyàwó mi ní n kò gbọ́n, ohun àtijọ́ kì í ṣe ohun ìdáná, ó sì jàre), àbàwọ́n dúdú sì lẹ̀ mọ́ èèpo ọsàn náà. Àwọ̀ ogbó kì í ṣí lára irin bẹ́ẹ̀, torí pé irin fúnra rẹ̀ ni ó yí padà. Mo mú òwú, mo fi omi tí àwọn obìnrin fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ rin ín, mo sì nu ojú ọ̀bẹ náà. Òwú náà dúdú bí ìkòkò orí àdògán, irin abẹ́ rẹ̀ sì ń dán bí ṣíbí tuntun. Mo wá fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ ẹ̀kán kan sí ibi tí mo nù náà, mo sì fún ẹ̀kán mìíràn sí ara ọ̀bẹ carbon kan tí mo ti ní tẹ́lẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ti carbon fi yí sí eérú. Ti tuntun wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì, kò yí rárá.

Ibi tí irọ́ náà ti já nìyí, ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu tí ó lè borí rẹ̀. Ohun tí ó mú kí irin di stainless ni chromium, ó sì gbọ́dọ̀ tó ìdá 10.5 nínú 100, ó kéré tán, kí ó tó lè di awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú kò rí, tí ó ń bo irin náà tí kì í jẹ́ kí ó dógùn-ún. Irin carbon tí wọ́n ń pè ní 1095, èyí tí ilé iṣẹ́ Great Eastern Cutlery ní Titusville, Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, ń lò fún púpọ̀ nínú ọ̀bẹ wọn, ní nǹkan bí ìdá 0.95 carbon, kò sì ní chromium tí ó lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ní Sheffield kan náà ni Harry Brearley, onímọ̀ nípa irin, ti yọ́ irin tí ó ní ìdá 12.8 chromium ní oṣù kẹjọ ọdún 1913, nígbà tí ó ń wá irin tí yóò dára fún ẹnu ìbọn. Bí a bá wá gbé ọ̀bẹ kan wá tí òǹtẹ̀ ara rẹ̀ ń sọ pé a rọ òun ṣáájú ọdún 1891, tí irin rẹ̀ sì jẹ́ stainless, a jẹ́ pé ọ̀bẹ náà ti fi ó ju ogún ọdún lọ ṣáájú irin tí a fi rọ ọ́ dé ayé.

Nígbà tí mo kọ̀wé sí i, ó ní ẹni tí ó ni ọ̀bẹ náà ṣáájú bàbá òun ni yóò ti pààrọ̀ ojú rẹ̀. Mo bi í léèrè pé, bí ó bá jẹ́ pé wọ́n pààrọ̀ ojú ọ̀bẹ, báwo ni òǹtẹ̀ àtijọ́ ṣe wà lára ojú tuntun? Kò dáhùn ìyẹn. Dípò bẹ́ẹ̀, ó fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi, nínú èyí tí ó fi mágínẹ́ẹ̀tì fa irú ọ̀bẹ kan náà, tí ó sì ń wí pé mágínẹ́ẹ̀tì kì í fa stainless, nítorí náà irin carbon ni. Mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún ọgbọ́n yìí jù lọ, nítorí pé ó ti mú ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó gbọ́n jù mí lọ. Irú stainless tí mágínẹ́ẹ̀tì kì í sábà fà ni èyí tí ó ní nickel púpọ̀ nínú, tí wọ́n fi ń ṣe abọ́, ṣíbí àti agbada ìfọwọ́. Èyí tí wọ́n fi ń rọ ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ gba iná kí ó sì le, irú rẹ̀, bíi 420HC tàbí 440C, mágínẹ́ẹ̀tì ń fà á dáadáa. Nítorí náà mágínẹ́ẹ̀tì kò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàrin ọ̀bẹ carbon àti ọ̀bẹ stainless, ẹni tí ó bá sì fi í ṣe ẹ̀rí fún yín, yálà kò mọ̀ ni tàbí ó mọ̀ jù.

Olùtajà kan náà ni ó ṣe òdì kejì rẹ̀ fún ọmọ ìyá mi kan ní Èkó. Ó fẹ́ fún bàbá ìyàwó rẹ̀ ní ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí, ó sì sọ fún ọkùnrin náà ní kedere pé Èkó ni ọ̀bẹ náà ń lọ, pé òun fẹ́ stainless nítorí ọ̀rinrin. Ọ̀bẹ Case ti Bradford, Pennsylvania, ni ó tà fún un, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 6254. Ojúlówó Case ni ní tirẹ̀, ilé iṣẹ́ náà kò sì jẹ̀bi ohunkóhun: 6 dúró fún èèkù eegun, 2 fún ojú méjì, 54 fún irú ọ̀bẹ náà. Ṣùgbọ́n «SS» tí ó máa ń tẹ̀lé nọ́ńbà lára ti stainless kò sí níbẹ̀, carbon ni. Ẹni tí ó tà á ti fi ẹ̀rọ dán an títí ó fi ń kọ mànà, kí ó lè jọ stainless. Ìrìn àjò náà bọ́ sí oṣù keje. Kí òjò tó dá, ìpẹtà pupa ti jẹ ìdí ojú rẹ̀ méjèèjì, baba náà sì rò pé òun ni òun kò tọ́jú rẹ̀.

Èyí tí ó dùn mí jù nínú ti Èkó yìí ni dídán náà. Láti ọdún 1970 ni Case ti ń fi àmì tóótòòtó sí abẹ́ òǹtẹ̀ wọn, mẹ́wàá ní ọdún 1970, wọ́n sì ń yọ ọ̀kan kúrò lọ́dọọdún títí ó fi ku ẹyọ kan ní ọdún 1979. Nígbà tí mo fi awò wo àwòrán ọ̀bẹ náà, mo rí tóótòòtó mẹ́rin tí ó yè kooro, èyí tí ì bá jẹ́ ọdún 1976, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti fá etí ibẹ̀ débi pé kò sí ẹni tí ó lè búra pé mẹ́fà tàbí méje kọ́ ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Irin tí a bá ti fá kò ṣeé fá padà. Ọ̀bẹ àtijọ́ tí ó dúdú, tí òǹtẹ̀ rẹ̀ ṣì mú, níye lórí ju èyí tí ó ń dán tí òǹtẹ̀ rẹ̀ ti rá lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń bú irin stainless. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ó lo ọ̀bẹ ní etí òkun, òun ni èmi fúnra mi yóò rà fún yín. Ilé iṣẹ́ ọ̀bẹ Opinel ti agbègbè Savoie ní ilẹ̀ Faransé ń ta méjèèjì ní gbangba, wọ́n sì ń kọ ọ́ sára ojú ọ̀bẹ, «CARBONE» fún ọ̀kan, «INOX» fún èkejì, owó wọn kò sì jìnnà síra. Case náà ń tẹ «CV» sára ti carbon òde òní. Ọlọ́jà tí ó bá pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀ kò ní ìjà pẹ̀lú mi.

Bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ bèèrè àwòrán ìdí ojú ọ̀bẹ ní ìhà méjèèjì, àti ti ojú ọ̀bẹ tí a ṣí dé ìdajì, nítorí pé ìhà kan ṣoṣo ni ọkùnrin yìí máa ń yà. Àwọ̀ ogbó tòótọ́ kì í dọ́gba: yóò ki níbi kan, yóò fẹ́lẹ́ níbòmíràn. Ọ̀dà a máa rin sínú lẹ́tà òǹtẹ̀, a sì máa dì síbẹ̀. Òǹtẹ̀ tí a fi òòlù lù tún máa ń jin, etí rẹ̀ sì máa ń rọ̀ bí ọdún ti ń lọ. Tèmi kò jin rárá, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ohun tí iná ẹ̀rọ jó, lẹ́tà rẹ̀ sì mú ṣáṣá lára irin tí wọ́n ní ó ti lo 140 ọdún. Ẹ tún wo ibi tí ojú ọ̀bẹ ti kan sípíríǹgì, bóyá wọ́n ti fá irin ibẹ̀ débi pé ó tẹ́ẹ́rẹ́ ju ìyókù lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa «SS» rẹ́. Ẹ má ṣe fún omi ọsàn sí ọ̀bẹ tí ẹ kò tíì sanwó rẹ̀. Ẹ sọ pé kí olùtajà ṣe é fúnra rẹ̀ lójú fídíò, ní ìdí irin níbi tí kò hàn, kí ó nù ún, kí ó sì fi epo pa á.

Ti owó, ibẹ̀ ni mo ti ṣe òmùgọ̀. Ó fún mi ní ẹ̀dínwó £15 kí n lè san án bí ẹni tí ń fi owó ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí, ọ̀nà yẹn kò sì ní ààbò kankan fún olùrà. Níbí ní Britain, bí ẹ bá fi káàdì ìyáwó ra ohun tí iye rẹ̀ ju £100 lọ, òfin ọdún 1974 jẹ́ kí ilé iṣẹ́ káàdì jọ ru ẹrù náà pẹ̀lú olùtajà. Bákan náà, òfin ọdún 2013 fún ẹni tí ó bá ra nǹkan láti ọ̀nà jíjìn ní ọjọ́ 14 láti dá a padà, ṣùgbọ́n oníṣòwò nìkan ni òfin yẹn mú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀bẹ ogún ọ̀bẹ ọgbọ̀n tí ó ń tà lóṣù fi jẹ́ ti «bàbá olóògbé» náà títí di òní. Mo ti kó gbogbo lẹ́tà rẹ̀ fún Trading Standards, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń ṣọ́ àwọn oníṣòwò.

Ní àárọ̀ òní, mo rí mẹ́rin mìíràn lórí àtẹ rẹ̀, olójú méjì, èèkù ìwo, «SHEFFIELD» láìsí «ENGLAND», tí a yà lórí aṣọ aláwọ̀ ewé kan náà tí tèmi wà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá ti ra ọ̀kan, ẹ fi òwú nù ún lónìí kí ọjọ́ 14 náà tó pé, ẹ ya àwòrán òwú náà, kí ẹ sì tọ́jú àpòòwé tí ó fi ránṣẹ́, nítorí pé àdírẹ́sì ẹ̀yìn rẹ̀ ni ohun kan ṣoṣo tí kò tíì pààrọ̀.