Ṣọ́ọ̀bù tó fa gbòǹgbò mi tu

Fótókọ́pì wọn mọ́, bíńdì wọn kì í tú. Gbogbo àwa tá à ń gba Geeti Àríwá FUTA kọjá l'Ákùúrẹ́ la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ojú ìwé 31 ni mo bá wá.

Àròpọ̀ Kloosterman ni iṣẹ́ ìwádìí mi dá lé. Ẹ fojú inú wo ọfà 100, gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1, a to ìdí èyí mọ́ orí ìyẹn, kálukú sì kọjú síbi tí ìṣirò darí ẹ̀ sí. Bí gbogbo wọn bá kọjú síbì kan náà, a ó fi 100 jìnnà síbi tá a ti gbéra. Àmọ́ ńṣe ni wọ́n máa ń fa ara wọn sẹ́yìn. Lọ́dún 1948, onímọ̀ ìṣirò André Weil fi kíka póìntì orí ìlà títẹ̀ ṣe ẹ̀rí pé, fún nọ́ńbà práìmù p, jíjìnnà yẹn kì í ju 2√p lọ. Bí p bá jẹ́ 101, ọfà 100 yẹn la ní, ogún àti díẹ̀ péré sì ni jíjìnnà náà.

Àwọn ará ibí yìí tẹ 2p. Wọ́n yọ gbòǹgbò, ìyẹn àmì √, dànù! Súpáfáísọ̀ mi gbé dígí ojú ẹ̀ sókè: "Ọfà 100, o ní àpapọ̀ wọn ò lè ju 202 lọ. Ta ló bá ẹ jiyàn?" Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Òógùn bò mí lábẹ́ fáànù.

Mo padà lọ. Màmá tó ni ṣọ́ọ̀bù ní: "Bọ̀dá, àmì kékeré yẹn náà lẹ torí ẹ̀ ń pariwo? Ìwé yẹn ṣáà dán." Ojú ìwé méjìlélógún lápapọ̀ ni gbòǹgbò ti sá lọ, wọ́n ní kí n san ₦150 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n wá fa ìwé kan yọ tí mo ti fọwọ́ sí pé mo ti yẹ iṣẹ́ náà wò. Lóòótọ́ ni mo fọwọ́ sí i. Jẹnẹrétọ̀ ń ké, ọkọ̀ ń dúró dè mí, ẹnu mi wọhò.

Ibẹ̀ ni ọmọ iṣẹ́ wọn, ọmọbìnrin tó máa ń jókòó sídìí fèrèsé, ti sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́: "Bọ̀dá, àṣìṣe kan wà níbí tí kì í ṣe tiwa o."

Àpẹẹrẹ ìlà títẹ̀ tí mo lò ni, y² = x³ + x + 1, níbi tá a ti ń fi 5 pín gbogbo nǹkan tá a sì ń mú ìyókù. Mo kọ ọ́ pé póìntì mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀. Ọmọ yìí ti fi báírò dán gbogbo x wò, láti 0 dé 4, lẹ́yìn ìwé tó bàjẹ́. Níwájú 1 ó kọ "kò sí y". Níwájú àwọn yòókù, méjì méjì. Mẹ́jọ.

Mo ṣàlàyé pé ìkẹsàn-án wà lọ́nà jíjìn tí kò lópin, a kì í rí i, àmọ́ a máa ń kà á mọ́ wọn.

"Ẹ ò kọ ọ́ síbẹ̀, sà."

N ò kọ ọ́ síbẹ̀ lóòótọ́! Mo fi ìlà kan kún un lójú ẹsẹ̀. Súpáfáísọ̀ mi gan-an ò rí i.

Màmá gba ₦3,300 wọn pé, wọ́n tún gba owó ìlà tuntun.

Máàkì: 1 nínú 5. Mo gbé orí kẹrin lọ fún wọn láàárọ̀ yìí, ọmọ ìdí fèrèsé ni mo ní kó tẹ̀ ẹ́.