Gúrúùpù WhatsApp àwa ọlọ́jà orí ayélujára: ibi tó ti tó owó rẹ̀ àti ibi tí kò tó o

Gúrúùpù tí mò ń yẹ̀ wò níbí ni irú èyí tí àwọn tó ń ta aṣọ, báàgì, ìpara àti ohun èlò ilé lórí fóònù máa ń dá sílẹ̀ láàárín ara wọn, l'Ékòó, n'Íbàdàn, l'Ábẹ́òkúta. Kọ́sítọ́mà kò sí níbẹ̀, ọlọ́jà nìkan ni. Èyí tí èèyàn ibẹ̀ kò ju ọgbọ̀n sí ọgọ́ta lọ, tí ádímìn rẹ̀ sì le, mo fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Èyí tó ti kún dé 1,024 tí WhatsApp fi ṣe ààlà, ẹyọ kan péré ni. Ní irú ibẹ̀, àwòrán “ẹ káàárọ̀” ló máa ń bo ọ̀rọ̀ gidi mọ́lẹ̀. Bí ádímìn bá sì ti ẹnu gbogbo èèyàn pa kí ariwo lè dín kù, ó ti di pátákó ìpolówó nìyẹn.

Ibi tí owó ti ń wọlé jù ni ká pawọ́pọ̀ ra ọjà. Lórí 1688, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà ti ń ta ọjà lọ́pọ̀, àwọn kan wà tí kì í dá ẹni tó fẹ́ ra méjì-mẹ́ta lóhùn. Ẹni tó bá dá àádọ́ta báàgì kan náà kó, ó lè máa tà á títí àṣà á fi kọjá lórí rẹ̀. Bí ẹni márùn-ún bá dá a, mẹ́wàá-mẹ́wàá ni.

Owó ọkọ̀ ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. CBM, ìyẹn iye àyè tí ẹrù gbà, ni ọkọ̀ ojú omi fi ń díye lé ẹrù: ẹ wọn gígùn, fífẹ̀ àti gíga páálí ní sẹ̀ǹtímítà, ẹ fi wọ́n sọ ara wọn di púpọ̀, kí ẹ pín in sí mílíọ̀nù kan. Páálí 60 × 50 × 40 jẹ́ 0.12 CBM. Kílò ni ti ọkọ̀ òfúrufú, ṣùgbọ́n bí ẹrù bá fúyẹ́ tó sì gba àyè, wọ́n sábà máa ń pín 60 × 50 × 40 yẹn sí 6,000. Páálí tí òṣùwọ̀n ní ó jẹ́ kílò 8 á wá di kílò 20 lórí ìwé owó. Ẹni tó ra báàgì tó wú bí ìrọ̀rí á wá ní ká pín owó ọkọ̀ dọ́gba-dọ́gba pẹ̀lú ẹni tó ra ẹ̀gbà ọwọ́! Gúrúùpù tó mọṣẹ́ ti máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sanwó pé àyè tí ẹrù kálukú gbà ni wọ́n á fi pín in, wọ́n á sì ti sọ ẹni tó máa ru èyí tó bá fọ́ lọ́nà.

Ẹ má jẹ́ kí owó wọ àkáǹtì ádímìn nìkan. Àkáǹtì tí ẹni méjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ló dáa, tàbí kí kálukú san tirẹ̀ tààrà fún éjẹ́ǹtì tó ń bá yín ra ọjà láti Ṣáínà. Bí irú ẹgbẹ́ yìí ṣe ń tú ká kò ju báyìí lọ: ádímìn á ní dọ́là ti gbówó lórí, ó kù díẹ̀ kí ẹ fi kún un, àwọn aṣọ́bodè ti mú ẹrù, lẹ́yìn náà á kàn yọ́ jáde kúrò nínú gúrúùpù.

Ìwúlò mìíràn tó tó nǹkan ni ti àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú. Kọ́sítọ́mà á fi rìsíìtì ránṣẹ́, tẹ́ẹ̀sì á wọlé bíi pé báńkì ló fi í ránṣẹ́, wọ́n á ní ọlọ́kadà ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Pé Session ID oní-nọ́ńbà 30, ìyẹn nọ́ńbà tí báńkì fi ń tọpa owó tí wọ́n fi ránṣẹ́, wà lórí rìsíìtì kò sọ ọ́ di òótọ́, wọ́n lè tẹ ìyẹn náà. Inú áàpù báńkì ni kí ẹ ti wo bálánsì kí ọjà tó gbéra. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹnì kan kò lè dá ní ni àkójọ nọ́ńbà àwọn gbájúẹ̀, torí ọlọ́jà tí wọ́n bá lọ dán wò lẹ́yìn yín lè wà nínú gúrúùpù kan náà pẹ̀lú yín. Ẹ tẹ nọ́ńbà fóònù, orúkọ orí àkáǹtì àti àdírẹ́sì tí wọ́n fún yín bí ọ̀rọ̀ lásán, ẹ má fi fọ́tò nìkan síbẹ̀. Bí èèyàn bá sáàṣì nọ́ńbà tó wà nínú fọ́tò, kò ní jáde. Kí ádímìn sì rí ẹ̀rí kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni lólè.

Ti àwọn ọlọ́kadà tó ń gbé ọjà lọ fún kọ́sítọ́mà kò gba àlàyé púpọ̀: nínú gúrúùpù, ẹ ó mọ ẹni tó ń san owó tó gbà lọ́wọ́ kọ́sítọ́mà lọ́jọ́ náà, ẹ ó sì mọ ẹni tó máa ń fi falẹ̀ di ọ̀túnla.

Ohun tí n kò lè gba ẹnikẹ́ni níyànjú ni “gain”. Wọ́n á kó nọ́ńbà gbogbo yín sínú fáìlì VCF kan, kí kálukú sefù ẹnì kejì rẹ̀, torí Status kì í hàn àfi láàárín àwọn tó ti sefù ara wọn. Iye tó ń wò ó á gòkè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọlọ́jà ni gbogbo wọn, wọ́n ń wo tiyín kí ẹ lè wo tiwọn ni.

Àwọn kan fẹ́ràn Telegram torí ó gba 200,000 èèyàn, nọ́ńbà sì ṣeé fi pamọ́. Èmi ò ní bá ẹni tó fi nọ́ńbà pamọ́ dá owó jọ.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ sanwó ìwọlé, ti oṣù kan ni kí ẹ kọ́kọ́ san. Ẹ bi ádímìn bóyá ó ń gba kọmíṣọ́ọ̀nù lọ́wọ́ éjẹ́ǹtì. Kò burú tó bá ń gbà á, ìkọ̀kọ̀ ló burú. Kí ẹ wá ní kó fi ìṣirò ẹrù tó dé kẹ́yìn hàn yín: iye páálí, ìwọ̀n, ohun tí kálukú san. Bó bá ní àṣírí ẹgbẹ́ ni, ẹ fi owó yín sápò.