Iṣẹ́ abẹ wọn dára, ìwà àwọn nọ́ọ̀sì wọn tún dára jù ú lọ

Iṣẹ́ abẹ inú ni mo lọ ṣe nílé ìwòsàn yìí, wọ́n sì dá mi dúró sí wọ́ọ̀dù títí ojú ọgbẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í jinná. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Bí wọ́n ṣe ń bá aláìsàn lò ni mo fẹ́ sọ.

Nọ́ọ̀sì tó gbà mí wọlé kọ́kọ́ dárúkọ ara rẹ̀, ó sọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó sì bi mí ní orúkọ tí mo fẹ́ kí wọ́n máa pè mí. Ẹni tí ara rẹ̀ le lè fojú kéré èyí. Kate Granger, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí jẹjẹrẹ dá dùbúlẹ̀, ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tọ́jú òun kì í dárúkọ ara wọn. Lọ́dún 2013 ló bẹ̀rẹ̀ ìpolongo pé kí wọ́n máa ṣe é. Ó kú lọ́dún 2016, àmọ́ ìpolongo náà ò kú. Nígbà tí èèyàn ò lè dá dìde, tí ẹni tí kò mọ̀ rí wá ń ká aṣọ lára rẹ̀, ìgbà náà ló máa mọ ohun tí orúkọ lásán ń ṣe.

Àwọn nọ́ọ̀sì alẹ́ gan-an ni mo gbóríyìn fún. Wọn á fa kọ́tìnì yí ibùsùn ká, wọn á fọwọ́ níṣojú mi, wọn á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ wo ojú ọgbẹ́ yín, ṣé kí n ṣí i?" Wọn á sì dúró gbọ́ èsì. Bí wọ́n bá ń nù mí lára, ibi tí wọ́n ń nù nìkan ni wọ́n ń ṣí.

Lọ́jọ́ tí mò ń lọ sílé, ọ̀kan nínú wọn ní kí n fẹnu ara mi ṣàlàyé bí n ó ṣe máa lo oògùn. Ó ní àlàyé tòun lòun ń dán wò, kì í ṣe ọpọlọ mi.

Àwọn dókítà ò tíì dé ibẹ̀ yẹn. Wọ́n á dúró nídìí ẹsẹ̀ mi, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ mi láàárín ara wọn, wọ́n á sì kọjá lọ. Èyí tó bí mi nínú jù ni ti akọ̀wé ní ibi fáìlì, tó pariwo àìsàn mi létí gbogbo àwọn tó tò síbẹ̀. Pípa àṣírí aláìsàn mọ́ wà nínú ìbúra àwọn oníṣègùn láti ayé àtijọ́. Ẹni tó ń gbé fáìlì náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó kan òun. Mo ti kọ ọ́ fún alábòójútó wọn.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Bí iṣẹ́ abẹ mìíràn bá délẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni n ó padà sí.